Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Lọ́dọọdún, bí èsì bac bá ti jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Madame, ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí n lọ?" Àwọn ọmọ ẹ̀ka G2, tí wọ́n kọ́ ìṣirò owó àti ìṣàkóso òwò, ni ọ̀rọ̀ náà máa ń ká lára jù, nítorí pé iye ilé-ẹ̀kọ́ tí ń pe ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò láàrin Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ti pọ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlógún lè dá yẹ̀ wò lọ. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn kì í gùn: ẹ ka ìwé ìkéde wọn dáadáa, ẹ mọ iye owó rẹ̀, ẹ wá ẹni tí ó ti jáde níbẹ̀ kí ẹ bi í ní ohun tí ó ń ṣe báyìí. Láti oṣù kẹwàá tó kọjá, ìbéèrè náà ti di tèmi. Mo gba licence nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ní Abomey-Calavi, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ni, mo sì ti pinnu láti wá oyè master kí ogójì ọdún tó bá mi. Níwọ̀n bí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ti ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, mo rò pé kò ní burú bí mo bá kọ ohun tí mo ti rí lójú ọ̀nà sílẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ tí ì débi tí mò ń lọ.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. Kò jókòó sínú kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló kù nínú ìwé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé tí ojú rẹ̀ kò tí ì rí. Ní January 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì: faransi ilẹ̀ Faransé kan, tí ó ti ń jẹ́ 50 sẹ́fà, di 100 láàrin òru. Aṣọ tí ń ti Yúróòpù wá gbówó lórí lójijì. Ẹni tí ó ní ọjà nílẹ̀ jèrè; ẹni tí ó ti tà tán láàárọ̀ ọjọ́ náà kò rí owó tí yóò fi kó òmíràn. Ìyá mi ṣì ń dárúkọ àwọn tí ó jèrè, a kì í sì í gbọ́ irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nínú wọn. Ní August 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ti Sẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di December 2020. Ti Idiroko, tí ó kọjú sí Ìgólò, tí ó sì sún mọ́ wa jù, di 2022. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìpókíá àti Ìlaròó, tí wọ́n ti ń wá rajà láti ìgbà èwe mi, kò lè wá mọ́ bí wọ́n ti ń wá. Bí wọ́n ti ń padà díẹ̀díẹ̀, náírà tún já wálẹ̀ ní June 2023, àwọn tí ń fi náírà rajà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá aṣọ padà sórí tábìlì.

Ní ọdún yẹn ni mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé. Mo fẹ́ mọ ibi tí òwò náà dúró sí. Gbogbo gbèsè ni ó mọ̀ lórí: ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní 12,000, ẹni tí ó ti san ìdajì, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú tí a kò gbọdọ̀ tí ì béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé èló ni ó kù nínú owó tí a fi ń ṣòwò gan-an, òun pẹ̀lú gbogbo ìrántí rẹ̀ àti èmi pẹ̀lú licence mi, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì ni ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ó ní akọ̀wé owó tirẹ̀ àti báńkì tirẹ̀. Èmi ní òwò kan níwájú mi tí owó ọjà àti owó ọbẹ̀ jọ wà ní etí ìró kan ṣoṣo. Lóòótọ́, SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó tí orílẹ̀-èdè wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń lò, tí wọ́n tún ṣe tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2018, ní ìlànà kékeré kan fún àwọn oníṣòwò kéékèèké: kí a kọ owó tó wọlé, kí a kọ owó tó jáde. Mo kọ́ ìyá mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì béèrè ọwọ̀n tí a ó kọ àwìn sí. Ìbéèrè yẹn ni ó gbé mi dé ìdí oyè master. Mo fẹ́ mọ bí a ti ń ṣàkóso òwò tí ó rí bí tiwa, kí n sì lè padà kọ́ ọ fún àwọn ọmọ tí ìyá tiwọn náà wà ní Ouando, ní Adjarra, ní Sakété.

Nísinsìnyí, kí n sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò. Yorùbá pe examen àti concours, méjèèjì, ní ìdánwò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣì í. Nínú bac, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní 10 nínú 20 ti yege, bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tilẹ̀ ni wọ́n. Nínú concours, iye ààyè ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Bí ààyè bá jẹ́ ọgbọ̀n, ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n ti pàdánù, ìbáà ní 14. Lọ́dún tí àwọn olùdíje bá sì rọ̀, ẹni tí ó ní 11 lè wọlé. Nítorí náà, ìmúra rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ tí ó ń múra bac lè gbé ẹ̀kọ́ kan tí kò yé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òmíràn gbà á là. Nínú concours, ibi tí o ti fìdí rẹmi ni ẹlòmíràn yóò gbà kọjá lára rẹ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, tí Faransé rẹ̀ fà sẹ́yìn lọ́dún méjì tẹ̀ léra wọn. Lọ́dún kẹta ó fi oṣù mẹ́rin ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, ó ń kó ojú-ewé kan jọ sí ìlà márùn-ún, ó sì wọlé.

Ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀, àwọn mìíràn a sì tún máa wo ìwé máàkì ọdún mẹ́ta licence nìkan. Fún ìdánrawò, èmi mú TAGE MAGE, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ilẹ̀ Faransé ń lò fún àwọn tí ó ti ní licence. Apá mẹ́fà ni: kíka àyọkà, ìṣirò, àríyànjiyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní conditions minimales, ìlò èdè, àti ọgbọ́n ìrònú. Ìbéèrè 15 ni ó wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 20 péré ni wọ́n sì fún ọ. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 600. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é lórí tábìlì ìdáná mi, 215 ni mo ní. Mo ti dé 310 báyìí, mo sì ń gba ìsinmi ọjọ́ Àìkú mi padà díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín máàkì yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n òwò ju inú ìbéèrè fúnra wọn lọ. Ìdáhùn tó tọ́ ń mú 4 wá, èyí tí kò tọ́ ń mú 1 lọ, àyè òfìfo kò mú nǹkan wá, kò sì mú nǹkan lọ. Ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá dijú mú ọ̀kan nígbà márùn-ún, bí ó bá rí bí ó ti yẹ kí ó rí, ìwọ yóò gba ẹ̀ẹ̀kan, yóò fún ọ ní 4. Ìwọ yóò kùnà lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò gba 4 yẹn padà. Òfo ni ìwọ àti ẹni tí kò kọ nǹkan kan jọ wà. Ṣùgbọ́n bí o bá dá méjì mọ̀ dájú pé irọ́ ni wọ́n, ó ku mẹ́ta. Nígbà mẹ́ta tí o bá mú, ẹ̀ẹ̀kan yóò bọ́ sí i, 4 wọlé, 2 jáde, èrè rẹ jẹ́ 2. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní aṣọ tí òun kò mọ̀ rárá, òun kì í fọwọ́ kàn án. Èyí tí òun kò mọ̀ tán ṣùgbọ́n tí òun mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, tí òun sì mọ̀ pé ẹni tí ń tà á kì í purọ́, òun a máa ra ìwọ̀nba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ní tiwọn, a máa fi àyè sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, tàbí kí wọ́n máa sàmì sí gbogbo rẹ̀ nítorí ìwà àìbìkítà. Mo ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ wákàtí kan ní kíláàsì. GMAT, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ń béèrè, yàtọ̀ sí èyí: níbẹ̀, ìbéèrè tí o kò dáhùn ni ó ń jẹ ọ́ níyà, nítorí náà kí o má fi àyè kankan sílẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe méjèèjì, kí ó má da òfin wọn pọ̀.

Conditions minimales ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ gbogbo la ń ṣe é ní ọjà. Wọn kì í ní kí o wá ìdáhùn. Wọ́n ní kí o sọ ohun tí o nílò láti lè rí ìdáhùn. Aṣọ méjì wà nílẹ̀, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Wọ́n sọ fún ọ pé méjèèjì papọ̀ jẹ́ 9,000. Ìyẹn nìkan kò tó. Wọ́n tún sọ pé ọ̀kan fi 1,000 ju èkejì lọ. Ìyẹn nìkan náà kò tó. Méjèèjì papọ̀ ti tó, o sì lè kúrò níbẹ̀ láì ṣírò 5,000 àti 4,000 rárá. Ohun tí ó ń pa wá lára ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa láti máa ṣe ìṣirò dópin, ìṣẹ́jú 20 kò sì gba ìyẹn láyè.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa èdè níhìn-ín, nítorí irú ìwé tí èyí jẹ́. Faransé ni mo fi ń kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́jú bá ń sáré, Yorùbá ni mo fi ń ṣírò. Ìṣirò wa fẹ́ràn àyọkúrò. Àrúndínláàádọ́ta ni 45: márùn-ún ni a yọ nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé èyí ń fa ọmọ sẹ́yìn. Ní ti ìdánwò yìí, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí yáàdì aṣọ kan bá jẹ́ 950 sẹ́fà, tí oníbàárà sì fẹ́ méjìlá, akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò gbé gègé kó lè sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlà mẹ́ta. Ìyá mi yóò ní: méjìlá lọ́nà 1,000 jẹ́ 12,000, mo yọ 600, 11,400, ẹ mú owó wá. Ọ̀nà àyọkúrò yìí gan-an ni àwọn ìwé ìmúrasílẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Paris fi ń kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n àṣírí, tí a sì ń san owó rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ yíyan oyè, èyí tí ó gba oorun lójú mi ju ìdánwò lọ. Ní Kútọnu, ENEAM wà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi. FASEG wà ní yunifásítì kan náà. Ní Dakar, CESAG wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 fún àwọn orílẹ̀-èdè ẹkùn wa lápapọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì dán lọ́dọ̀ àwọn báńkì. Ní ìlà-oòrùn, Èkó kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí ìsọ̀ ìyá mi: Yunifásítì Èkó wà níbẹ̀, Lagos Business School náà wà níbẹ̀ láti 1991. Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún mi pé nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ìdajì wọn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ní Èkó, kò sí ẹni tí ó ti béèrè nípa ibẹ̀ rí. Paris sún mọ́ ọkàn wọn ju Badagry lọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdènà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdènà tí a lè fi ọdún kan wó ni.

MBA ni orúkọ tí ń pa gbogbo ènìyàn bí ọtí. Harvard ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbajúmọ̀ fún un lónìí a sì máa fẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, tí ó ní nǹkan tí yóò sọ nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò. Ìwé ìpolówó kan tí mo rí lára ògiri ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí, pẹ̀lú àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó so táì. Èmi kì í bá àwọn ọmọ sọ pé kí wọ́n má lọ; mo máa ń ní kí wọ́n béèrè bóyá CAMES, àjọ tí ó ti wà láti 1968, tí ó sì ń ṣe àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ní Áfíríkà, ti gba ìwé-ẹ̀rí náà wọlé. Bí ẹni tí ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ bá fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè yẹn, kí ọmọ náà dìde.

Ìbéèrè kejì ni bóyá master náà jẹ́ ti ìwádìí tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́. Ti iṣẹ́ ọwọ́ yára gbé ènìyàn dé ọ́fíìsì. Ti ìwádìí ni ó ṣí ọ̀nà doctorat gbọọrọ. Iye kírẹ́díìtì wọn kò yàtọ̀, 120 lórí 180 ti licence, nítorí náà ọmọ kò lè fi ìwọ̀n mọ̀ wọ́n. Emmanuel Mounier pe Dàhòmì ní Quartier latin ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì dà bí ẹni pé a ti fi ìyẹn yangàn jù: a ń kó ìwé-ẹ̀rí jọ bí ẹni ń kó aṣọ ẹbí sínú àpótí, láì mọ ayẹyẹ tí a ó wọ̀ ọ́ lọ.

Ní tèmi, ìyá mi ni ó kọ́kọ́ dárúkọ Dakar. Ó ní àjọ òun yóò bọ́ sọ́wọ́ òun ní oṣù kẹrin, kí n mú gbogbo rẹ̀. Àjọ yẹn ni owó tí ó yẹ kí ó fi kó ọjà tuntun, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí Idiroko ti ṣí. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe: ó ń ra aṣọ tí kò mọ̀ tán nítorí pé ó mọ ẹni tí ń tà á. A fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi kò dá sí i, èyí tí mo dúpẹ́ fún. Níkẹyìn, mo kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì sílẹ̀ ní Kútọnu, méjèèjì fún contrôle de gestion, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ìnáwó àti èrè òwò láti ọjọ́ dé ọjọ́. Mo lè máa lọ láti Àjàṣẹ́ kí n sì di wákàtí kíláàsì díẹ̀ mú. Ìdá mẹ́ta àjọ náà ni mo gbà, ìdá kan, gẹ́gẹ́ bí àwìn, a sì kọ ọ́ sínú ìwé: owó tó jáde, ọjọ́ tí yóò padà. Fún àwìn náà, a ti fa ọwọ̀n kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fúnra wa. Dakar kò kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Ẹni tí kò ní ọmọ nílé, tí òwò ìyá rẹ̀ sì dúró, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti ṣe bíi tèmi.

Mo ti kó ìwé mi lọ. Ìdánwò àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi béèrè lánàá pé èèyàn mélòó ni yóò jókòó, ààyè mélòó ni ó sì wà. Mo sọ fún un pé wọn kò tí ì kéde iye ààyè.

"Ẹni tí kò dá iye lé ọjà rẹ̀," ó ní, "òun lo fẹ́ lọ ná a lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo tan iná, mo sì ṣí ìwé mi sí conditions minimales.